Kí Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Atẹ́gùn, Imú Ni Kó Kọ́kọ́ Là

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé sí Banigbé, ní àgbègbè Ifangni ní Benin, tó bá Nàìjíríà pààlà, àwọn ìyá àgbà kì í dúró dìgbà tí imú ọmọ bá dí pátápátá kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Ewé efinrin ni wọ́n máa ń sè nínú rẹ̀, àwọn mìíràn a sì já ewé gúrófà kún un. Bí omi bá hó dáadáa, wọn a sọ ìkòkò náà kalẹ̀, ọmọ a jókòó tì í, wọn a fi aṣọ bo òun àti ìkòkò mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi agbọ̀n bo adìyẹ. Ooru a máa sọ lù ú lójú, òógùn a bò ó, imú tó ti gan a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Nígbà tó bá yọjú, wọn a ní kó fun imú, wọn a fi ìka tọ́ òrí díẹ̀ sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ sùn. Àṣà yìí kì í ṣe ti Banigbé nìkan. Nàgó ń ṣe é, Gùn ń ṣe é, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ìbàdàn ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Ètò iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí a wò fínnífínní ju agbára ewé inú rẹ̀ lọ: wọ́n ń la imú ná, oorun ló ń tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú ẹni tí èémí rẹ̀ ń já lójú oorun. CPAP ni orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé, àwọn dókítà Benin sì ń pè é ní PPC ní èdè Faransé. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìtàn ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ó tó ọdún 15 lẹ́yìn tó jáde kí àwọn tó ṣe é tó mọ ohun tí ètò àwọn ìyá wọ̀nyí ti mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé a ń ṣẹ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) tàbí imú dídí nígbà tí a bá pè é ní alágídí nítorí pé kò lè gba ẹ̀rọ náà mọ́ra. Imú rẹ̀ ni a kò tíì tọ́jú.

Àrùn èémí jíjá lójú oorun fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá sùn, iṣan ọ̀fun a dẹ̀. Lára ẹlòmíràn, a dẹ̀ débi pé ọ̀nà atẹ́gùn a pa dé. Ẹni náà a máa hanrun, a dákẹ́ lójijì, àyà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò láìsí atẹ́gùn kankan tó ń wọlé, títí ara yóò fi ta á jí, tí yóò mí kanlẹ̀, tí yóò sì tún wọnú oorun lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ nígbà 30 láàárín wákàtí kan kí onítọ̀hún má sì mọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí a máa fọ́ ọ, oorun a máa kùn ún lọ́sàn-án gangan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì máa ru. Ọdún 1965 ni Henri Gastaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marseille, pẹ̀lú Jung àti Kuhlo ní Freiburg ní Jámánì, fi ẹ̀rọ tẹ̀lé oorun irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé èémí wọn ló ń já. Ìtọ́jú tó wà nígbà náà ni kí wọ́n lu ihò sí ọrùn aláìsàn nísàlẹ̀ gògóńgò, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á yóò máa gbé ihò kiri lọ́rùn ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1980, ní Sydney ní Ọsirélíà, ọkùnrin kan tí wọ́n fi ihò yìí lọ̀ bẹ̀bẹ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Dókítà Colin Sullivan mú mọ́tò tó ń fẹ́ atẹ́gùn, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku ilé, ó so rọ́bà mọ́ ọn, ó gbé e gba imú ọkùnrin náà. Bí atẹ́gùn náà ṣe ń tì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ dúró ní ṣíṣí, ọkùnrin náà sì sùn. Ní 1981 ni Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet, aláìsàn márùn-ún péré ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé e lọ sílé jìyà rẹ̀: wọ́n wọn imú ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mọ ìbomú tirẹ̀, lálaalẹ́ ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, láràárọ̀ ni yóò sì máa ṣí i kúrò lára awọ, ariwo mọ́tò sì ń dún létí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ṣùgbọ́n èrò náà dàgbà ju Sullivan lọ. Ní 1936, E. P. Poulton ní London ti fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilé ti atẹ́gùn sí àyà àwọn tí omi kún ẹ̀dọ̀fóró wọn nítorí àárẹ̀ ọkàn. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, Alvan Barach ní New York ń lo atẹ́gùn tó ní agbára fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ àti fún àwọn tí ikọ́ fée ti há láyà. Ní 1971, George Gregory ní San Francisco lò ó fún àwọn ọmọ tuntun tí oṣù wọn kò pé, tí ẹ̀dọ̀fóró wọn kò tíì lè dá ṣí. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ikọ́ fée àti ẹ̀rọ yìí kò bára tan kò mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Ohun tí Sullivan fi kún un ni pé ó gba inú imú, fún odindi òru kan, lójú oorun. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ imú ni láti mú atẹ́gùn gbóná, kó sì fi omi sí i, kó tó dé àyà. Bí a bá mí jáde, imú a gba díẹ̀ padà nínú omi tó ti ná. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá là lójú oorun, atẹ́gùn ẹ̀rọ a gba imú wọlé, a sì gba ẹnu jáde; imú ń ná omi láìrí ẹyọ kan gbà padà. Awọ inú rẹ̀ a gbẹ, a wú, ihò rẹ̀ a dí. Bí imú bá sì ti dí, ẹnu a tún là sí i, ẹ̀rọ a máa fẹ́ lásán. Ní 1996, àwọn olùwádìí láti ilé iṣẹ́ Sullivan kan náà ní Sydney, Richards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ìdènà inú imú àwọn ènìyàn, wọ́n sì rí i pé bí ẹnu bá ń jò, ìdènà náà a pọ̀ gan-an, àti pé bí a bá mú atẹ́gùn náà gbóná tí a sì mú un rin, ìdènà a dín kù. Ní 1999, Massie àti àwọn tirẹ̀ fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí a fún ní ẹ̀rọ tó ní ìkòkò omi gbígbóná nínú ń pẹ́ lórí rẹ̀ lóru ju àwọn tí kò ní lọ. Ìkòkò omi gbígbóná, ooru, imú: ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ Banigbé dúró níbẹ̀ kó wò ó.

Ti ikọ́ fée tún le díẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ pín sí méjì, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo ìkejì. Ní 1988, Chan, Woolcock àti Sullivan fún aláìsàn mẹ́sàn-án ní ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wọn ló ní ikọ́ fée tó ń dé lóru, wọ́n sì ń hanrun. Mímí wọn dára sí i lọ́sàn-án àti lóru. Ní 1991, Martin àti Pak fún àwọn tó ní ikọ́ fée òru ní ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n èémí àwọn wọ̀nyí kì í já lójú oorun. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rọ náà ba oorun wọn jẹ́. Bí mo ṣe kà á ni pé ẹ̀rọ yìí ń ran ikọ́ fée lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀fun pípadé bá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń ta á jí. Kò rọ́pò oògùn tí aláìsàn ń fà sáyà lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí a tìtorí rẹ̀ gba oògùn yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ kò bá tíì rọ̀, tí ihò inú egungun ojú rẹ̀ sì kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, yóò lérò pé ẹ̀rọ ń fún òun lọ́rùn. Òótọ́ ló ń sọ.

Àwọn kan yóò ní àrùn olówó ni èyí, tàbí àrùn òyìnbó, kí ló kan Banigbé? Ìdáhùn wà ní Benin gan-an. Láàárín 2018 sí 2021, àwọn oníṣègùn Benin pẹ̀lú àwọn tó wá láti Lausanne ní Switzerland ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní BeSAS. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀lé oorun àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, ní ìlú Kútọnu àti ní abúlé Tanvè ní apá Àgbómì. Àwọn tí wọ́n wò lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Ó ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́wàá tí àrùn náà ti wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà kò fi ní fi ojú fò ó. Iye náà kéré sí ti Lausanne, níbi tí wọ́n ti rí i lára bí ìdajì àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè pè ní àlejò. Ohun tó jẹ́ kó farapamọ́ láàárín wa ni bí a ṣe ń gbọ́ ìhanrun. Ẹni tó bá ń hanrun, a máa ń ní oorun rẹ̀ dùn, ó ti ṣiṣẹ́ kára. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi oríyìn bo ìyà mọ́lẹ̀. Banigbé kì í sì ṣe ibi tí imú ti ń sinmi. Obìnrin tó ń fọ epo pupa a máa dúró ti àgbá lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín a máa wọ̀ ọ́ lójú wọ̀ ọ́ nímú. Ẹni tó ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, létí ọ̀nà a máa fi ihò imú gba òórùn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọyẹ́ a sì dé lé gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tó yẹ kí a ti kọ́kọ́ bi ènìyàn léèrè nípa imú rẹ̀ ju irú ibẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn yóò gba apá kejì: bí àwọn ìyá wa bá ti mọ̀ ọ́n, kí a kúkú fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí a fi ìkòkò ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ òrí lágbára: ní 1979, Tella tẹ ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà nínú British Journal of Clinical Pharmacology, èyí tó fi hàn pé òrí tí a tọ́ sí imú tó dí ń là á kíákíá, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n imú ni òrí ń là. Ọ̀fun tó ń pa dé lóru wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ooru ewé kò sì lè gbé e dúró. Àwọn ewu kan tún wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àṣà bò. Omi gbígbóná ń jó àwọn ọmọdé. Èéfín iná tí a fi sè é lè ru ikọ́ fée sókè kí ooru tó ṣe àǹfààní kankan. Òróró tí a sì fi sí imú kí a tó di ìbomú mọ́jú lè bá atẹ́gùn ẹ̀rọ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tó ti lè dá àìsàn sílẹ̀. Ó sì tún máa ń ba rọ́bà ìbomú jẹ́. Ètò àṣà náà ni kí a mú, kí a pààrọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀: omi tí a ti sè tí ó ti tutù, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, ni kí a fi fọ imú ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú oògùn imú tí dókítà bá kọ.

Ti owó àti iná ni àtakò tó dùn mí jù, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ́n, iná SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Benin, sì ń lọ. Ẹni tó bá ń wá àlòkù ní Kútọnu ní láti mọ̀ pé ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí pé fóòmù inú wọn ń jẹrà, tí ègé rẹ̀ lè wọ imú ẹni tó ń lò ó. Ẹni tó ní ikọ́ fée ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná gan-an ló tún dá wa padà sórí imú. Mọ́tò ẹ̀rọ yìí kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń gba agbára sí lè gbé e di òwúrọ̀. Ìkòkò omi gbígbóná inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá pa ìkòkò náà nítorí bátìrì yóò tún padà sí ọdún 1981, sí imú gbígbẹ àti ẹnu tó là, àfi tó bá ti fọ imú rẹ̀ kó tó sùn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà ni kí ìtọ́jú imú àti ti ikọ́ fée ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó di ìbomú náà mọ́jú lójú mọmọ, lórí ìjókòó, nígbà tó ń gbọ́ rédíò, láìtan mọ́tò rárá. Bí ara bá ti gbà á, kó tan án sí èyí tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ló ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn ga díẹ̀díẹ̀ bí oorun ti ń gbé ènìyàn lọ. Oògùn ikọ́ fée tó ń la àyà kíákíá kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí orí ẹní.