Orúkọ Olú Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹni tó bá sọ pé oògùn kò sí nínú olú kò mọ ìtàn ìṣègùn òde òní. Láti ara ohun tí ń hù lórí oúnjẹ tó ti bu, èyí tí í ṣe ìbátan olú, ni pẹnisílíìnì tí Alexander Fleming ṣàwárí ní 1928 ti wá. Lovastatin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987, wà nínú Pleurotus ostreatus, olú tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn tà lọ́jà. Nítorí náà, agbára inú olú kọ́ ni mò ń jà lé lórí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí tí ìwádìí fi lé wa lọ́wọ́ kò so mọ́ orúkọ olú kankan. Ohun tí wọ́n yọ láti ara rẹ̀ ló so mọ́, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́, ìwọ̀n tí wọ́n fún aláìsàn, pẹ̀lú ìtọ́jú mìíràn tí aláìsàn náà ń gbà lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú orúkọ nìkan lọ sọ́jà ti fi ẹ̀rí sílẹ̀ sẹ́yìn.

Japan ni ẹ̀rí náà ti lágbára jù. Trametes versicolor, olú pẹlẹbẹ tí ń hù lára igi tó ti kú, ni wọ́n ti yọ oògùn tí wọ́n ń pè ní PSK, tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní 1977. Ní 1994, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 262 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ikùn fún. Lẹ́yìn ọdún 5, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo PSK mọ́ oògùn kẹ́mò ló ṣì wà láàyè. Nínú àwọn tó lo kẹ́mò nìkan, ìdá 60 ni. Èsì ńlá ni, n kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn èèyàn wọ̀nyí dáadáa. Dókítà ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú gbogbo wọn pátá, gbogbo wọn ló sì gba kẹ́mò. Kò sí ẹnì kankan tí wọ́n ní kó máa mu omi olú dípò iṣẹ́ abẹ. Bákan náà ni lentinan, oògùn tí wọ́n yọ láti ara olú shiitake, tí Japan fọwọ́ sí ní 1985: abẹ́rẹ́ ni, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí. Shiitake inú ọbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tó dára, àmọ́ kò sí ìwádìí tó sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ yẹn.

Nínú àwọn olú tí wọ́n ń tà bí oògùn, Ganoderma ló gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ wa. Wọ́n ń tà á nínú kọfí àti gẹ́gẹ́ bí oògùn oníhóró, àwọn olùtajà sì ń sọ pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ. Àwọn olùwádìí Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó àbájáde ìwádìí jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣàyẹ̀wò ìwádìí 5 lórí èèyàn 398 ní 2015, wọn kò sì rí ìdí tí èèyàn fi lè gbára lé e fún ìtọ̀ ṣúgà. Ní 2016, wọ́n wo ìwádìí 5 mìíràn lórí aláìsàn jẹjẹrẹ 373. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti fi í ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè lò ó mọ́ ìtọ́jú mìíràn. Ohun tó tún bà mí nínú jẹ́ jù ni ìwádìí 2017 lórí irú oògùn yìí 19 tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà: 5 péré ni ohun inú rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ mu. Bí ìwádìí tilẹ̀ yege lọ́la, kí ló máa fi dá ẹni tó ra 14 yòókù lójú pé ohun tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ló wà lọ́wọ́ òun?

Àwọn kan á ní àwọn baba wa ti ń fi olú ṣe ìṣègùn tipẹ́. Òótọ́ ni, olùwádìí B. A. Oso kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Economic Botany ní 1977. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gbè mí lẹ́yìn ni. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í kàn dárúkọ olú. Á sọ irú èyí tí wọ́n máa wá, ohun tí wọ́n máa lọ̀ ọ́ mọ́, ẹni tó lè lò ó, ìgbà tó máa lò ó àti èèwọ̀ rẹ̀. Olùtajà tó ní kọfí kan ń wo gbogbo àrùn ló ya kúrò lójú ọ̀nà àwọn baba wa. Ibi tí àṣà fúnra rẹ̀ kò lè dé ni àrùn tí ń falẹ̀: inú rírun á sọ èsì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n láìka iye ẹni tó kú àti iye ẹni tó yè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá oògùn kan ń dá jẹjẹrẹ dúró. Àwọn mìíràn ní àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn kò fẹ́ dán olú wò nítorí kò ní mówó wọlé. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Japan ló ṣe PSK tó sì tà á.

Èyí tó léwu jù ni èrò pé ohun jíjẹ kò lè pani lára. Ní 2007, àwọn dókítà ní Thailand ròyìn aláìsàn kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ títí tó fi kú lẹ́yìn tó lo àtíkè Ganoderma. Olú mìíràn tí wọ́n ń pè ní chaga kún fún èròjà oxalate, ó sì ti ba kíndìnrín àwọn tó ń lò ó fún oṣù gbọọrọ jẹ́. Èyí tí ẹni tí kò mọ olú bá já nínú igbó tún burú jùyẹn lọ: iná kì í pa májèlé tó wà nínú àwọn kan lára ẹbí Amanita, ó sì lè tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí májèlé náà ti dé ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó dá oògùn dókítà dúró nítorí olú kankan. Bó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti sún mọ́lé, ẹ sọ fún dókítà kí aláìsàn náà tó fi Ganoderma kan ẹnu. Ẹ bi olùtajà pé irú olú wo ni, apá ibo lára rẹ̀, àti ìwádìí wo ni wọ́n fi oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ṣe. Lára ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC, àjọ tí ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.