Orin Ọ̀fẹ́ Nínú Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi pìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Amẹ́ríkà, tí orin ọ̀fẹ́ sọ di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ọmọ ọdún 18 ni Shawn Fanning nígbà tó fi Northeastern University ní Boston sílẹ̀ torí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń kọ. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló ń ráhùn pé orin tóun ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóun bá débẹ̀, kì í sí níbẹ̀ mọ́. Napster ni Fanning sọ ètò náà. Oṣù kẹfà ọdún 1999 ló jáde. Orin ò sí lọ́dọ̀ Napster fúnra ẹ̀ o; orí kọ̀ǹpútà oníkálukú ló wà. Napster kàn ń ṣe alárinà ni: "Orin tí ò ń wá, ó wà lọ́wọ́ lágbájá, lọ gbà á níbẹ̀."

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú ọgbà yunifásítì ló ti gbilẹ̀ jù? Lásìkò yẹn, wáyà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Orin kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì yára bí àṣá. Kéèyàn tó bọ́jú tán, orin ti wọlé. Sídì kan sì rèé, bíi dọ́là 15. Ká sòótọ́, èmi náà ì bá ṣe é.

Ibi tó ti ń dùn náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Orin kún ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì débi pé Indiana University dí Napster pa níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fárígá. RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ti gbé Napster lọ sí kóòtù látoṣù kejìlá ọdún 1999. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2000, ẹgbẹ́ olórin Metallica náà pẹjọ́, wọ́n ka Yale, Indiana àti University of Southern California mọ́ ọn. Àmọ́ Chuck D ti Public Enemy, tí òun náà jẹ́ olórin, ẹ̀yìn Napster ló wà.

Oṣù keje ọdún 2001, Napster tìlẹ̀kùn. Ṣé orin wá dúró? Rárá o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá sọ́dọ̀ Kazaa àti LimeWire.

Oṣù kẹrin ọdún 2003 lọ̀rọ̀ wá kan ọmọ ilé ìwé gan-an. RIAA pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lẹ́jọ́: méjì ní Rensselaer, ọ̀kan ní Princeton, ọ̀kan ní Michigan Tech. Wọ́n ní wọ́n gbé ètò tó ń wá fáìlì kalẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọgbà wọn, wọ́n sì ń pín orin. Òfin ibẹ̀ gbà kí wọ́n béèrè tó dọ́là 150,000 lórí orin kan. Ta ló fẹ́ dúró jà? Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi yanjú ẹ̀: ẹnì kọ̀ọ̀kan san láàárín dọ́là 12,000 sí 17,500. Ọ̀kan nínú wọn, gbogbo owó tó ti tọ́jú ló bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹrin yẹn náà ni Apple ṣí ṣọ́ọ̀bù orin iTunes, sẹ́ǹtì 99 lórin kan. Ìpẹ̀jọ́ yìí ṣì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà títí di òpin ọdún 2008, tí RIAA kéde pé àwọn ò ní í pe èèyàn rẹpẹtẹ lẹ́jọ́ báyẹn mọ́.

Akéwì ni mí, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yìí fi ń yọ mí lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tókọ́pì ṣe ewì mi fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, inú mi á dùn. Àmọ́ tí oníbébà bá gbowó, tí oní-fọ́tókọ́pì gbowó, témi nìkan ò rí nǹkan kan ńkọ́? Nílé wa, bí onílù bá lù ú dáadáa, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kò sẹ́ni tó ní káwọn ará òde má gbọ́ ìlù, onílù náà ò sì sùn lébi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ bí orin ṣe ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Wọn ò ronú bí owó á ṣe dé iwájú orí olórin. Kóòtù tó gba owó lọ́wọ́ wọn náà, ṣé ó yanjú ìyẹn?

Tẹ́ ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ fún ẹlòmíì kó kà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé orúkọ wa kúrò nínú ẹ̀.