Dókítà àti Ọ̀mọ̀wé: Ìtàn Oyè Tí Ó Ga Jù Lọ Nínú Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì

1. Ìfáàrà

Orúkọ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe oníṣègùn ilé ìwòsàn àti ẹni tí ó gba oyè tí ó ga jù lọ ní yunifásítì. Nínú ìwé Yorùbá, a máa ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: dókítà ni ẹni ìṣáájú, ọ̀mọ̀wé ni ẹnì kejì. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà lónìí, òfin fi ààlà sí bí nọ́ọ̀sì tí ó gba oyè yìí ṣe lè lo orúkọ náà níwájú aláìsàn. Ó lè jọ ìjà lórí orúkọ lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ jinlẹ̀: ǹjẹ́ ìmọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, àbí àṣẹ oníṣègùn nìkan ni ó ń mú ṣẹ? Ìtàn oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ yìí ni a ó fi wá ìdáhùn.

2. Ẹnu-ọ̀nà Ẹlòmíràn

Ní ọdún 1860 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Florence Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe yunifásítì. Amẹ́ríkà ni ọ̀nà yunifásítì ti kọ́kọ́ là dáadáa. Ní ọdún 1899, Teachers College ti Yunifásítì Columbia ní New York bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò di alábòójútó. Ní ọdún 1907, Mary Adelaide Nutting di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, òun sì ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1924, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ṣí ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. New York University tẹ̀ lé e ní ọdún 1934.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí irú oyè tí ó jẹ́. Ẹ̀ka tí ó wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni méjèèjì ti jáde. Nọ́ọ̀sì lè di ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ́ni àti bí a ti ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń jẹ́ kókó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1962 pàápàá, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi owó ìrànwọ́ sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ìrònú ẹ̀dá àti iṣẹ́ ara ni wọ́n rán wọn lọ. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

3. Ìbéèrè Tí Ó Jẹ́ Ti Nọ́ọ̀sì

Àwọn kan ti ń rán ṣòkòtò tiwọn kí ó tó di ìgbà náà. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Pittsburgh bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìtọ́jú aboyún àti ọmọdé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an. Irú ìbéèrè wo ni ó yẹ irú oyè bẹ́ẹ̀? Àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1962, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Doreen Norton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn. Wọ́n wo egbò tí ń dá sí ara ẹni tí ó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tí ó lè tètè ní in: ipò ara rẹ̀, ipò ọpọlọ rẹ̀, bí ó ti ń rìn tó, bí ó ti ń yíra padà tó, àti bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n rí i pé yíyí aláìsàn padà lóòrèkóòrè ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a lè fi pa á lára lọ. Ẹni tí ó ń yí aláìsàn padà lóru ni ó mọ̀ pé ó yẹ kí á béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

4. Lọ́dọ̀ Wa

Ìtàn yìí kàn wá. Ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ni Kofoworola Abeni Pratt ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó padà wálé, tí ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Ní ọdún 1965 ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di ẹ̀ka ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lónìí, ènìyàn lè gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ yìí ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí yóò tọ́ ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ibi tí kò bá ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa yan ohun tí nọ́ọ̀sì yóò wádìí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 2001, Yunifásítì Kentucky bẹ̀rẹ̀ oyè mìíràn fún nọ́ọ̀sì tí yóò dúró ti aláìsàn dípò kí ó máa ṣèwádìí nìkan. Oyè yìí ni ó tún mú kí ìjà orúkọ gbóná. Ní tèmi, ìjà náà kọ́ ni ó yẹ kí ó gba àkókò wa. Bí oyè bá mú nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tí kò sì jẹ́ kí ó bojú wẹ̀yìn mọ́, ṣòkòtò àgbàbọ̀ náà ni. Bí ó bá fún un ní agbára láti wádìí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́, tí ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn fún oníṣègùn àti fún ìjọba, a jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ní ìmọ̀ tirẹ̀, orúkọ ọ̀mọ̀wé sì tọ́ sí i.