Ọjọ́ Ìbò tí Wọ́n Pa Olùkọ́ Catto

Òru mọ́jú Túsìdeè, 10 Oṣù Kẹwàá, 1871. Ìhà gúúsù Philadelphia, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí, ti gbóná kílẹ̀ tó mọ́. Ní 1870 ni Àtúnṣe Kẹẹ̀ẹ́dógún sí òfin Amẹ́ríkà fún ọkùnrin dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni púpọ̀ nínú wọn ń dìbò fún. Àwọn ẹgbẹ́ Democrat tó ń ṣàkóso ìlú sì mọ̀ pé bí àwọn ọkùnrin dúdú bá fi lè dìbò, ipò olórí ìlú lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn.

Àárọ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi ìdìbò. Àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kó là wọ́n gan-an ló ń dí àwọn ènìyàn dúdú lọ́nà. Wọ́n padà mú ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Haggerty, torí pé òun ló rán àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ náà. Lásìkò yìí, Octavius Catto wà ní Institute for Colored Youth, ó ń kọ́ ọmọ. Ẹni ọdún 32 ni. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jà títí òfin 1867 fi ní kí ẹnikẹ́ni, dúdú tàbí funfun, máa wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí irin. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òfin náà tí awakọ̀ kan kọ̀ láti gbé Caroline LeCount, olùkọ́ bíi tirẹ̀ tó tún jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Obìnrin náà kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ adájọ́ lọ. Adájọ́ ní òun kò tíì rí irú òfin bẹ́ẹ̀. LeCount lọ mú ẹ̀dà òfin wá, awakọ̀ sì san owó ìtanràn 100 dọ́là. Ìgboyà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ọ̀sán. Wọ́n tètè ní kí àwọn ọmọ iléèwé máa lọ sílé, torí ìgboro ti dàrú. Àwọn kan halẹ̀ mọ́ Catto lójú ọ̀nà, ó bá lọ ra ìbọn ìléwọ́. Kò sí ọta nínú rẹ̀.

Aago mẹ́ta ààbọ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé ilé tó ń gbé, nọ́ńbà 814, lójú òpópónà South. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ di orí kọjá lára rẹ̀, ó yí padà, ó yìnbọn. Frank Kelly ni, ọmọ iṣẹ́ àwọn olóṣèlú Democrat. Catto sá sẹ́yìn ọkọ̀ orí irin tó dúró níbẹ̀, irú ọkọ̀ tó fi ọdún púpọ̀ jà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè wọ̀. Kelly tẹ̀ lé e, ó tún yìn ín. Ojú àwọn èrò ọkọ̀ ló ṣe. Wọ́n pa ọkùnrin dúdú mìíràn náà, Isaac Chase, lọ́jọ́ yẹn.

Alẹ́. Wọ́n ka ìbò, William Stokley ti Republican ló wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú. Kelly ti sá.

Ó di 1877 kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó rí i tọ́ka sí i ní kóòtù, síbẹ̀ wọ́n dá a sílẹ̀. Ìwà ibi gbáà ni.

Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ Catto sọ ilé ìwé tí LeCount jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1923. Ní gbogbo àkókò yẹn, orúkọ Roger Taney, adájọ́ àgbà tó fi ẹjọ́ Dred Scott sọ ní 1857 pé ènìyàn dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lójú òpópónà kan nínú ìlú yìí kan náà. Àwọn ará àdúgbò kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ náà sinmi. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí Taney Street di LeCount Street.