Ìbéèrè Tí Ìdìbò Èkìtì Kò Lè Bi IReV

Ní ọjọ́ 18 oṣù Okúdù ọdún 2022, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti ìyókù Èkìtì jáde láti yan gómìnà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò, INEC, fi ẹ̀rọ BVAS ya àwòrán ìwé èsì, ó sì fi í ránṣẹ́ sí IReV, ojú òpó tí ará ìlú ti lè wò ó. Ibùdó ìdìbò 2,445 ni Èkìtì ní. Èyí tó pọ̀ jùlọ nínú èsì wọn ti wà lórí IReV kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n ti dán ojú òpó náà wò, ó sì yege. Ó yege lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n bi í?

Bíbi ẹ̀rọ léèrè bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1983, Mike Muuss, òṣìṣẹ́ ibùdó ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ ètò kékeré kan tó pè ní ping. Kò ṣe ju kó ké sí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, kó sì wo bí yóò ti pẹ́ tó kó tó jẹ́ ẹ. Nígbà tí wẹ́ẹ̀bù dé, ìdáhùn di nọ́ńbà: 200 fún pé gbogbo nǹkan lọ déédéé, 404 fún pé ohun tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀, 500 fún pé nǹkan dàrú nínú kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn. Lónìí, ètò wà tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú tọ̀sán-tòru, tó sì ń ta àwọn òṣìṣẹ́ lólobó bí ìdáhùn bá yí padà. Àmọ́ ẹ̀rọ dà bí ẹni tí wọ́n kí láàárọ̀. Bí wọ́n bá ní “Ṣé àlàáfíà ni?”, “A dúpẹ́” ni yóò wí, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú lábẹ́ aṣọ.

Ẹsẹ̀ IReV wú ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlè ọdún 2023. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dìbò ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojúṣòfin. Èsì sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojúṣòfin ń wọlé wẹ́rẹ́. Ti ààrẹ kò wọlé. Ìròyìn tí INEC gbé jáde ní ọdún 2024 sọ ohun tó fà á. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni IReV fi ń ṣètò ibi tí yóò kó àwòrán èsì sí. Ìdìbò méjì yòókù ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n so wọ́n mọ́. Ní ti ààrẹ, gbogbo Nàìjíríà jẹ́ àgbègbè ìdìbò kan ṣoṣo, kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Ẹ̀rọ wá ìpínlẹ̀ títí, kò rí i, ó dá èsì padà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí àkọ́kọ́ tó wọlé, lẹ́yìn àtúnṣe pàjáwìrì.

Ìpínlẹ̀ sì ni Èkìtì. Gbogbo ìwé tó ti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Emùré wá ní orúkọ tí ẹ̀rọ ń wá. Láti oṣù Ògún ọdún 2020 ni INEC ti ń lo IReV, ní àgbègbè ìdìbò 105 gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti wí, ṣùgbọ́n kò sí ti ààrẹ nínú wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ tún ìdìbò Èkìtì dì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àléébù yìí kò ní yọjú. Ohun tí ì bá fi í hàn kò wọ́n rárá: ètò tí yóò máa fi ìwé èsì ààrẹ tí wọ́n fi ṣeré ránṣẹ́, tí yóò sì lọ wò ó bóyá àwòrán rẹ̀ jáde lójú òpó.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ẹlẹ́rìí kan tí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour mú wá gbé àkọsílẹ̀ Amazon kalẹ̀, pé nínú agbègbè 33 tí ilé iṣẹ́ náà ti ń gba kọ̀ǹpútà lálejò, kò sí ibi tó ní ìdíwọ́ lọ́jọ́ náà. Kóòtù kò gba ẹ̀rí náà wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà láàárín àkọsílẹ̀ yẹn àti ìròyìn INEC: ilé lè dúró digbí kí kọ́kọ́rọ́ yàrá kan má ṣí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní àìṣiṣẹ́ IReV kò tó láti fagi lé ìbò.