Ta Ló Wọn Igbá? Ìtàn Bí Èso Ṣe Ń Rí Bó Ṣe Rí

Ẹ wo akèrègbè ẹlẹ́mu, àdó olóògùn àti igbá tí wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Irú ewéko kan náà ni gbogbo wọn, Lagenaria siceraria. Kí ló wá dé tí ọ̀kan lọ́rùn, tí èkejì rí roboto?

Ẹni tó fi ìwọ̀n wá ìdáhùn ni Edmund Sinnott, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1930, ó gbin oríṣiríṣi igbá àti elégédé. Kò dúró kí èso gbó kó tó wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tó ṣì kéré nídìí òdòdó ló ti ń wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, títí tó fi dàgbà tán.

Julian Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ìwé ní 1932 pé ẹ̀yà ara kan lè máa yára dàgbà ju òmíràn lọ, kí ìyàtọ̀ ìyára wọn sì dúró bákan náà. Ohun tí Sinnott rí lára igbá nìyẹn. Ká ní fífẹ̀ èso di ìlọ́po méjì, tí gígùn náà di ìlọ́po méjì, ìrísí rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí gígùn bá di ìlọ́po mẹ́ta, bó ṣe ń dàgbà ni yóò máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Sinnott tún mú irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ó sì rí i pé ìyára yìí gan-an ni ọmọ ń jogún.

Kí ló kàn wá? Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹ bá ya fọ́tò èso méjì tọ́jọ́ orí wọn kò dọ́gba, ẹ lè ní irú wọn yàtọ̀, kó sì jẹ́ pé ọ̀kan ni kò tíì dàgbà tán. Ìkejì ló ká mi lára jù. Àwọn àgbẹ̀ wa tó ń ya irúgbìn akèrègbè tó dára sọ́tọ̀ láti ọdún dé ọdún, ìyára ìdàgbà yìí ni wọ́n ń tọ́jú, láìlo rúlà. Ní báyìí, ike ti gba ipò akèrègbè nínú ọ̀pọ̀ ilé. Inú irúgbìn ni ìrísí yẹn wà. Bí irúgbìn bá parẹ́, fọ́tò orí fóònù wa kò lè hù.