Ọmọ Ẹni Ńkọ́? Àgbéyẹ̀wò Ìdìbò Ààrẹ Ọdún 1999 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 1999, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò yan Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí ipò ààrẹ. Ìbò 18,738,154 ni ó rí gbà, èyí tí í ṣe ìdá 62.78 nínú ọgọ́rùn-ún. Olóyè Olú Fálaè, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá a du ipò náà, rí ìbò 11,110,287. Ṣùgbọ́n ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti bí ẹni tí ó wọlé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n kà: Fálaè ní ìbò 332,340, Ọbásanjọ́ ní 143,564. Ẹni tí orílẹ̀-èdè tẹ́wọ́ gbà ni ilé kọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí a bá fi òwe yìí wo èsì náà, yóò dà bí ẹni pé àwọn ará Ògùn ṣe ohun tí àṣà kò fọwọ́ sí. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdìbò náà láàárín àwọn àgbà ní Láfẹ́nwá àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè yìí kì í pẹ́ yọjú. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn olùdìbò Ògùn kò kọ ọmọ wọn nítorí ìkórìíra. Ìtàn ìdìbò ìpínlẹ̀ náà fi hàn pé ẹgbẹ́ àti ohun tí ẹgbẹ́ dúró fún ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó wo ìlú tí olùdíje ti wá.

Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú

Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ìdìbò ààrẹ àkọ́kọ́ tí ó bá a láyé ni ti oṣù Kẹjọ, ọdún 1979. Nínú ìbò 744,668 tí wọ́n kà ní ìpínlẹ̀ náà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN gba 689,655; Alhaji Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN gba 46,358 péré. Lóòótọ́, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni Awólọ́wọ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ náà sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìlú ẹni nìkan ni a ń wò ni, kì bá tí rí tó ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ tí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Yewa jọ ń gbé.

Ẹ̀rí kejì wà lára Olóyè Moshood Abíọ́lá, ọmọ Gbágùúrà ní Abẹ́òkúta. Ó ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú NPN kí ó tó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1982. Gbogbo owó àti òkìkí rẹ̀ kò mú kí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ NPN. UPN ni ó ń ṣe ìjọba Ògùn nígbà náà lábẹ́ Olóyè Bísí Ọnàbánjọ.

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993

Nígbà tí Abíọ́lá wá di olùdíje ẹgbẹ́ SDP, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ wọ̀, ilé gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní ìbò 425,725 ní Ògùn. Alhaji Bashir Tofa ti NRC ní 59,246. Ọkùnrin kan náà ni. Ẹgbẹ́ ni ó yí padà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìdìbò ọ̀hún. Ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, ni ìjọba fi ṣe olórí ìjọba fìdí-hẹ ní oṣù Kẹjọ. Èyí kò tu àwọn ènìyàn nínú. Kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá èyíkéyìí ni wọ́n ń bèèrè. Ìbò tí wọ́n dì ni wọ́n ń bèèrè. Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1998.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1999?

Yorùbá ni àwọn olùdíje méjèèjì tí ó jáde ní ọdún 1999. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní Ìbògùn lágbègbè Ìfọ̀. Èkejì jẹ́ ọmọ agbègbè Àkúrẹ́. Ọbásanjọ́ àti Abíọ́lá tilẹ̀ jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan náà, Baptist Boys' High School, ní Abẹ́òkúta. Ìdí mẹ́ta ni a rí tí Ògùn fi yan ará Àkúrẹ́.

Èkíní ni ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ AD, tí Afẹ́nifẹ́re wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àrólé UPN. AD ti wọlé ìdìbò gómìnà ní Ògùn ní oṣù Kìíní ọdún náà pẹ̀lú Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà. AD àti APP ni ó sì jọ fa Fálaè kalẹ̀. Èkejì ni ọgbẹ́ ọdún 1993. Lójú ọ̀pọ̀ olùdìbò, inú PDP ni àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn pọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni ọdún 1979: Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba ológun tí ó gbé àṣẹ lé Shagari lọ́wọ́, àwọn tí ó gbà pé wọ́n rẹ́ Awólọ́wọ̀ jẹ kò sì gbàgbé. Kì í ṣe pé a ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín. Ohun tí ó wà lọ́kàn olùdìbò ni a ń sọ. Ọbásanjọ́ pẹ̀lú jẹ ìyà lọ́wọ́ Abacha, ẹni tí ó jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1995.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé okùn ìbátan kò fà rárá. Fálaè ni ó borí ní gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí Ọbásanjọ́ rí ní Ògùn ga ju èyí tí ó rí ní márùn-ún yòókù lọ. Ó sì ju ìlọ́po méjì ìbò tí Tofa rí ní ìpínlẹ̀ kan náà. Okùn náà fà. Kò kàn lágbára tó láti já ti ẹgbẹ́ ni.

Èsì ọdún 2003: ìkìlọ̀ fún òǹkọ̀tàn

Ní ọdún 2003, AD kò fa olùdíje ààrẹ kalẹ̀, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé Ọbásanjọ́ borí ní ilé. Iye ìbò ni ó ń yani lẹ́nu. Ní ọdún 1993, ìbò 484,971 ni àwọn olùdíje méjèèjì jọ pín ní Ògùn. Ní ọdún 1999, 475,904. Ní ọdún 2003, ó di 1,365,367, Ọbásanjọ́ sì gba 1,360,170 nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, 19 oṣù Kẹrin, ìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 747,296. Ta ni ó di ìbò 618,071 tí ó fi lé? Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2004, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé èsì ìdìbò ààrẹ ti Ògùn, bí ó tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwọlé Ọbásanjọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fìdí ìwọlé náà múlẹ̀ ní oṣù Keje, ọdún 2005.

Ẹni tí ó bá ka èsì ọdún 2003 láìka ti 1999 lè sọ pé ìfẹ́ ọmọ ẹni ti borí. Òǹkọ̀tàn tí ó bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé nọ́ńbà náà kò lè jẹ́ ẹ̀rí ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, nítorí kò dájú pé ohùn ará ìlú ni.

Ìkádìí

Iṣẹ́ wà níhìn-ín fún olùkọ́ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí ọjà Láfẹ́nwá àti ìtòsí ibùdókọ̀ ojú-irin rẹ̀, kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ṣe dìbò ní 1993 àti 1999, kí wọ́n sì gbé ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn nọ́ńbà tí a kọ sókè yìí. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ní Abíọ́lá ni àwọ́n dìbò fún, bẹ́ẹ̀ ẹni 59,246 ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé ìrántí yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀, àti pé òpìtàn nílò méjèèjì.

Òwe ìlẹ̀kẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, àwọn ará Ògùn kò ka ìbò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí bàbá ń fún ọmọ. Ìdájọ́ ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì dá a níṣojú ọmọ tiwọn. Bí ìdájọ́ náà tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, àwọn ni wọ́n dá a. Ohun tí a kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nípa èsì ọdún 2003 nìyẹn.